Kápúsù Tí Ẹ Dì Fún Mi

Dublin, oṣù kejì ọdún 2001

Màámi, ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Ṣé ìjọba alágbádá ti tún ọ̀nà Pedro wa ṣe? Odindi yàrá kan ni wọ́n fún èmi nìkan ní ọsibítù níbí, bí ọba.

Kápúsù tí ẹ dì fún mi, mo tú méjì sójú egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, mo sì tọ́jú ìyókù, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún wa. Dókítà ní àwọn kòkòrò àrùn tí kò kú nínú egbò náà ní àbùdá kan tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ oògùn, wọ́n sì máa ń fún kòkòrò mìíràn ní ẹ̀dà rẹ̀, kódà èyí tí kì í ṣe irú wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi gan-an nìyẹn, tó ń pín oògùn ẹnì kan fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ má bínú sí ara yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Wosilat àbúrò mi máa lo tiẹ̀ tán.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Akínlẹ́yẹ tó ń rán bàtà mi ní Onípánu. Ẹ ní kó parí ẹsẹ̀ òsì. Kó má wulẹ̀ ṣe ti ọ̀tún mọ́.

Saheed yín.