Ilé Gíga Tí Kò Ní Baálé

Ìrókò,
oṣù Nòfẹ́ńbà, 1966.

Olúrẹ̀mí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń sùn, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lóko yóò máa ṣọ́ ọ nígboro, mọ́tò Dúgbẹ̀ kò ní kọlù ọ́. Àpèkẹ́ ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí mẹ́ta, ó sì ti ń pe ọ̀kan ní tìrẹ, ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́, ọdún Kérésì ló fẹ́ fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Lẹ́tà tí o kọ níjọ́sí, tí o ní Ọláníran fẹ́ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ, tí o sì ní inú ilé kan náà lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ nísàlẹ̀, òun lókè, bí mo ṣe kà á báyìí ni àyà mi já. Ìyá rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní ọmọ wa fẹ́ fẹ́ ọmọ agboolé rẹ̀. Ó gbé ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, gbogbo ẹni tó bá ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ra. Ìdí nìyẹn tí mo fi fèsì pé rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ fi ìwé tí o kọ sí i hàn mí, tí mo rí i pé omijé ti jẹ́ kí tàdáwà rẹ̀ ṣàn, n kò lè jẹun mọ́. Mo ní kí n lọ bá baálé ilé náà fúnra mi, kí n mọ bí ìbátan yín ṣe jìnnà tó.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá rẹ rán ọ lọ sí Èkó ni mo wọ mọ́tò lọ sí Dúgbẹ̀, mo gbé iṣu dání, nítorí a kì í fi ọwọ́ lásán lọ bi baálé ní ọ̀rọ̀ ìdílé. Háà, Olúrẹ̀mí! Bí mo ṣe gbójú sókè wo ilé náà ni fìlà mi bọ́ sẹ́yìn. Ṣítù, ọmọ Lálúpọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló bá mi he é. Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ baálé. Ó ní Bàbá, kò sí baálé níbí o, wọ́n ń háyà yàrá ni. Mo ní ta ni àgbà wọn nígbà náà? Ó ní bóyá òun ni, torí bó bá di ìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á lọ, òun á ti ilẹ̀kùn, á wá ku òun àti ológbò. Mo fún un ní iṣu kan.

Nígbà tí mo wọlé, obìnrin kan fi ẹ̀rín kí mi pé ẹ káàárọ̀ sà, mo dá a lóhùn. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀, mo ní èmi Jacob Ajíbádé ni. Ó ní ṣé ara ìyàwó ti yá, mo ní ó yá, àfi orúnkún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn ín lọ́kàn mi ni mo rí i pé ó fi nǹkan dúdú kan di etí mú, kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó máa kán àdín tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, etí náà á sàn.

Wọ́n ní kí n wọ yàrá kékeré kan. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àga. Mo kí àwọn tí mo bá níbẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Ilẹ̀kùn pa dé, yàrá náà mì tìtì, ilẹ̀kùn tún ṣí, wọ́n ti pààrọ̀ ilé náà! Mo fọwọ́ kan ara mi wò bóyá wọ́n pààrọ̀ èmi náà.

Ibi tí wọ́n gbé mi dé ni ibi iṣẹ́ Ọláníran. Ọ̀gá wọn ní àwọn máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ onímọ́tò, kí àwọn lè bá a tún mọ́tò ṣe bó bá forí sọ igi. Mo ní irú àdúrà wo ni wọ́n ń gbà fún wọn. Ó ní wọn kì í gbàdúrà rárá. Mo fi ìyẹn sílẹ̀, mo ní báwo ni àwọn ìbejì Dorothy. Ó ní Dorothy wo? Mo ní Dorothy tó ń tẹ̀wé pẹ̀lú ọmọ mi Olúrẹ̀mí, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ níbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní òun kò mọ àwọn ará ìsàlẹ̀. Mo pariwo! Níbí, bí adìyẹ ìyá rẹ bá pamọ, gbogbo agboolé á ti gbọ́ kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jinná.

Bí mo ṣe dárúkọ rẹ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò dìde nídìí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù, ó ní òun ni Ọláníran. Ó ní òun bá ọ lọ kí Dorothy, òun sì gbé Kẹ́hìndé títí ó fi tọ̀ sí òun lára. Inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ọmọ mi, ibi tí o ń lọ yẹn kì í ṣe agboolé rárá, ọjà ni. Kálukú á gbé tirẹ̀ wá láàárọ̀, á tà á, á palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n kàn to ìsọ̀ léra wọn ni, torí ilẹ̀ wọ́n ní Dúgbẹ̀. Bó bá jẹ́ èèwọ̀ láti fẹ́ ẹni tí a rí lọ́jà, a kì bá tí bí ìwọ gan-an, nítorí ọjà Ìjàyè ni mo ti rí ìyá rẹ, tí mo ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ títí àwọn ará ilé mi fi bẹ̀ mí pé ó tó, ẹnu ń ta wọ́n.

Nítorí náà, mo ti gba rárá mi padà. Nu ojú rẹ. Kí Ọláníran kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá lẹ́yìn ọdún Kérésì. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọ̀dà kun iwájú ilé. Ìyá rẹ ní kí o fi owó bàtà kún un, òun kò ní wọ sálúbàtà pàdé àna.

Ọlọ́run á bù kún ọ. Ilé tí ìwọ àti ọkọ rẹ yóò jọ gbé, kí ó kún fún ọmọ, kí ó má sì ga jù, kí èmi àti ìyá rẹ lè máa fi ẹsẹ̀ ara wa wọlé wá kí yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jacob Ajíbádé.