Abọ́ Kì Í Padà Lófìfo

Chinatsu ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́? Ṣé ò ń jẹun, àbí ò ń fi omi gbígbóná da nǹkan inú ike yẹn pọ̀ tí o ń pè é ní oúnjẹ? Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nezawa, orí òkè ti funfun láti ìjẹta, ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni èmi ìyá rẹ jókòó sí tí mo ti ń kọ̀wé yìí, mo fi kúbùsù bo ẹsẹ̀. Mo ti tan tùràrí fún bàbá rẹ láàárọ̀, mo bu ìrẹsì gbígbóná síwájú àwòrán rẹ̀ lórí pẹpẹ, mo dárúkọ rẹ fún un dáadáa, mo ní kó máa ṣọ́ ọ nínú èrò ọ̀hún, kó má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, kó má jẹ́ kí o sunkún ìkọ̀kọ̀. Kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Mo mọ̀ pé ìdáhùn lò ń retí. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú láti orí òrùlé lọ́dún tó kọjá níbi tí mo ti ń wa yìnyín kúrò, tí mo sùn sílẹ̀ títí Bàbá Kumezō fi ti ilé kejì wá rí mi, o ò jẹ́ kí n gbádùn. O ní kí n wá máa bá ọ gbé ní Tokyo, o ní kí n kọ́kọ́ wá wò ó, mo wá wò ó, ní báyìí o ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí yìnyín tó dí ọ̀nà. N ó dá ọ lóhùn. Má kàn kán mi lójú ni. Ó ti rẹ̀ mí, Chinatsu, ó rẹ̀ mí dé egungun, ọ̀rọ̀ àgbà sì máa ń rìn bí àgbà fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé.

Béárì ti jẹ gbogbo èso kaki ẹ̀yìnkùlé Bàbá Kumezō tán. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn abúlé pariwo láàárọ̀ pé kí àgbàlagbà má jáde, ni Bàbá Kumezō bá jáde, ó mú ìkòkò àti ṣíbí lọ́wọ́, ó ń lù ú gbàgà-gbàgà, ó ní béárì tó bá jẹ òun, eyín rẹ̀ ni yóò kán. Àwọn Onodera ti ti ilé wọn pa, ọmọ wọn wá kó wọn lọ sí Sendai. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, iná tèmi àti iná Kumezō nìkan ló kù lápá ọ̀dọ̀ wa. Ó ní tí èmi náà bá lọ, béárì ni òun yóò máa kí kú àárọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku Tokyo yín. Hẹ̀n-ẹ́n! Láti ìgbà tí mo ti tibẹ̀ dé, n kò tíì sinmi tán. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà tí kò kí i, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Èyí ń bọ̀, mo tẹrí ba, kú ọ̀sán o. Òmíràn ń bọ̀, mo tẹrí ba. Kí n tó dé ìdí àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, ọrùn ti ń ro mí, ojú mi ti ń ṣú, kò sì sí ẹnì kan tó dá mi lóhùn. Àfi ọlọ́pàá kan tó wá bi mí bóyá nǹkan mi sọnù. Mo ní rárá, mo kàn ń kí wọn ni kí ọmọ mi tó dé. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, àwọn ará ibí ò ṣeé kí tán, ẹ jókòó kí ọmọ yín fi dé. Ọmọ gidi ni, ìyá rẹ̀ ò ní ṣòfò.

Nígbà tí o wá sáré dé, n kò tètè dá ọ mọ̀. Ojú rẹ ti wọnú, o gé irun rẹ, o ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n o yọ oúnjẹ tí o dì wá fún mi jáde, mo jẹ ẹ́ tán, o wá fi aṣọ rẹ̀ di abọ́ náà padà, o ta kókó rẹ̀, etí kókó náà sì kọjú sí òsì bó ṣe máa ń kọjú sí òsì láti ìgbà tí o ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá bàbá rẹ fẹ́ fi ìyà yọ ọwọ́ òsì yẹn lára rẹ, bàbá rẹ ló ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé kò sí ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ jí. Nínú gbogbo ìlú ńlá yẹn, kókó yẹn nìkan ni mo mọ̀. Òun ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ tí mo fi tẹ̀ lé ọ.

N kò fẹ́ sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ púpọ̀. Mo wọlé, ó la ẹnu fúnra rẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun. Mo jókòó, ó gbóná, mo bá fò dìde, torí mo rò pé ẹnìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ nítorí tèmi, mo sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáláńgá tiwa tutù, ṣùgbọ́n ó mọ ipò ara rẹ̀, kì í kí ènìyàn káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ báńkì ló dùn mí jù. O ní kí n lọ gba owó díẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí o ṣe kọ́ mi, mo tẹ nọ́ńbà, owó jáde, ó dára. Àfi bí ọmọbìnrin kékeré kan ṣe yọ nínú dígí ẹ̀rọ náà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tẹrí ba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà tẹrí ba. Ó tún tẹ tirẹ̀. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ tó fún mi lówó tún tẹrí ba jù mí lọ? Mo tún tẹrí ba. Ọmọ náà ò gbà! Mo ní ẹni tó tọ́ ọmọ yìí kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń pa mí, èrò ti tò sẹ́yìn mi, ọkùnrin kan sì ń wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Ìwọ lo wá sọ fún mi pé àwòrán ni, pé bóyá ènìyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ó ń tẹrí ba tọ̀sán-tòru. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Kò wá sí ẹni tó lè sọ fún un pé ó tó.

Ó wá kan ti daikon, gbòǹgbò funfun oko wa. O rí i pé mo gbé e wá láti ilé, èyí tí mo fi èéfín yan kí n tó fi iyọ̀ àti èérí ìrẹsì tẹ̀ ẹ́ sínú àgbá, èjìká mi bó nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí o lọ síbi iṣẹ́, mo gé e wẹ́wẹ́, mo pín in sínú àwọn abọ́ onídèérí tí mo kó wá, mo fi aṣọ di ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì lọ gbé e kọ́ ilẹ̀kùn gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà ní àjà keje. N kò kan ilẹ̀kùn o. Lọ́dọ̀ wa, a kì í yọ ẹni tó ń sinmi lẹ́nu. Tí o bá jí tí o bá kábéèjì lẹ́nu ọ̀nà, ara kábéèjì yẹn náà lo ti máa mọ ẹni tó gbé e wá. Gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé abọ́ kì í padà lófìfo. Ẹni tó ní, á bu nǹkan sí i. Ẹni tí kò ní rárá, á fi ìṣáná sí i, kó ṣáà má lọ lásán.

Mo wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ, mò ń dúró de abọ́. Ẹsẹ̀ ń kọjá. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ilẹ̀kùn ń tì. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè, wọ́n ní kí gbogbo ará ilé ṣọ́ra, pé ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ rí ń gbé nǹkan olóòórùn kọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní irú ìlúkílùú wo rèé? Ṣé ẹni ibi yìí ò ní fi tirẹ̀ kún daikon mi báyìí? Mo gbé agbòòrùn, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ilé bá mi níbẹ̀, ó bi mí ohun tí mò ń ṣe. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó lọ sinmi, pé ẹni yẹn ò ní gba iwájú mi kọjá. Ó wò mí, ó wo agbòòrùn, ó tẹrí ba, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ mo sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ. Mo rí ọ lẹ́nu ọ́fíìsì ọ̀gbẹ́ni yẹn, ò ń tẹrí ba. Ó ń sọ̀rọ̀, ò ń tẹrí ba, ó tún sọ̀rọ̀, o tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ inú ẹ̀rọ báńkì yẹn. Mo bi ọ́ pé kí ni, o ní ò ń bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, pé ó ṣe ìtọ́jú mi. O rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sì gbà.

Ọjọ́ tí mo fi ń padà, kò sí abọ́ kan ṣoṣo tó dé. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti dá ọ lóhùn nínú ọkàn mi: bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ibi tí abọ́ ti ń lọ tí kì í padà, kí ni èmi ń wá lọ síbẹ̀? Ó sàn kí n ṣubú lórí òrùlé ara mi, níbi tí Kumezō yóò ti pariwo orúkọ mi. Inú bí mi, ó dùn mí, mo sunkún díẹ̀ ní Sendai. Ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ nìyẹn, mo ti mú bírò.

Àfi bí ẹrù rẹ ṣe dé lánàá. Bàbá Kumezō bá mi gbé e wọlé, a ṣí i. Abọ́ mi ni! Gbogbo wọn pé, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣófo. O ní lórí fóònù pé àwọn ará àjà yín ló ní kí o bá àwọn fi ránṣẹ́, pé daikon náà dùn mọ́ wọn, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè dá a padà. Bàbá Kumezō ní ẹ wò ó, ènìyàn mà ni àwọn ará Tokyo náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ sílé, mo jókòó kí n tú wọn. Kókó àkọ́kọ́, etí rẹ̀ kọjú sí òsì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọlọ́wọ́ òsì kan wà nítòsí ọmọ mi. Ewé tíì ló wà nínú rẹ̀. Kókó kejì, òsì. Súìtì. Kókó kẹta, òsì. Ewé òkun gbígbẹ. Mo rọra ń tú wọn, n kò fẹ́ kí wọ́n tán. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìṣáná ni. Páálí ìṣáná kan ṣoṣo. Níbo ni wọ́n ti ń ta ìṣáná ní Tokyo, níbi tí iná ti ń tan ara rẹ̀? Ta ló rìn títí láti lọ wá a, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ojú tó ti wọnú?

Mo gbé ìṣáná náà lọ síwájú àwòrán bàbá rẹ.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo fẹ́ owó. Bàbá Kumezō yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi dé ìdí ọkọ̀ ojú irin, ìyẹn ò ní ná wa ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́rù ní owó ni àwọn yóò fi gbé àgbá daikon àti òkúta tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi mí ṣé kò sí òkúta ní Tokyo ni. Mo ní òkúta tó wà níbẹ̀ ò mọ̀ mí. Tètè fi ránṣẹ́ kí yìnyín tó dí ọ̀nà, tí o bá sì dé ìdí ẹ̀rọ báńkì, bá mi kí ọmọ yẹn, sọ fún un pé mo ní ó tó, kó nàró. Wá àyè fún pẹpẹ bàbá rẹ, kó má kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń la ẹnu. Kumezō fajú ro, mo ní n ó máa pè é lórí fóònù láràárọ̀. Ó ní òun ò ní gbé e. Yóò gbé e.

Sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ilé pé ẹni tó ń gbé nǹkan kọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti jáwọ́. Tó bá dé lọ́tẹ̀ yìí, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò dárúkọ ara rẹ̀. Má sì tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí tèmi, èmi náà lọ́rùn.

Kí ọwọ́ rẹ má ṣófo láé. Kí ohun tí o bá fi ránṣẹ́ máa bá ire padà wá bá ọ. Bá mi kí àwọn ará àjà keje, gbogbo àwọn ọlọ́wọ́ òsì yẹn pátá. Sọ fún wọn pé ìyá wọn ń bọ̀.

Èmi ni,
Toyono, ìyá rẹ