Bàbá, Ìjánu Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Ń Dá Ẹṣin Wa Lóró

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Aboabo ní Gánà níbí tí mo fi ń kí yín. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi tí ń bá yín jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìjánu yín, ẹ kí gbogbo agboolé. Ara wa le, àlùbáríkà ni. Òjò Kùmásì kò jẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé tí a so ẹṣin sí gbẹ, eṣinṣin sì ti fi ibẹ̀ ṣelé.

Inú ń bí mi, Bàbá. Ẹ má bínú pé mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìjánu yìí fún yín lórí fóònù, ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí ọkọ mi, Bàbá Ràmọ́tù, ra ẹṣin tí ń gbé ọkọ ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó, ẹ̀yin lẹ fi ìjánu àti ìbòjú tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ẹṣin lójú ránṣẹ́ sí i láti Ìlọrin. Ìbòjú yẹn dára ní wíwò, awọ pupa rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n ó fún, ó ń ha ẹṣin lójú, eṣinṣin ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò sì ríbi jáde. Irin ìjánu ńkọ́? Ó kéré fún ẹnu rẹ̀, ó tún ní ṣóńṣó láàárín, tí ń gún un lájà ẹnu bí wọ́n bá ti fa okùn.

Mo wí títí. Mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn rán ìbòjú mìíràn tó fẹ̀ lójú. Bàbá Ràmọ́tù ní ṣé hìjáábù ni mo rán fún ẹṣin ni. Ó ní àna òun ti ń ta ìjánu kí wọ́n tó bí mi, kí n gbájú mọ́ máṣíìnì ìránṣọ mi. Orúkọ yín ni wọ́n fi ń pa mí lẹ́nu mọ́, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá gun ohun ẹlẹ́mìí, Ọlọ́run yóò bi í léèrè.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, wọ́n ń múra ẹṣin fún ìgbéyàwó kan ní Sawaba. Ẹṣin pa ẹnu dé. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ń fi tipátipá ti irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, itọ́ pupa ń ṣàn. Ìyá tí ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, lẹ́nu ọ̀nà wa pariwo pé "mmɔbɔ", pé ẹ ṣàánú rẹ̀. Èmi náà bọ́ síta, mo dúró níwájú ẹṣin, mo sì sọ fún ọkọ mi lójú gbogbo ayé pé kó fi irin náà sẹ́nu ara rẹ̀ ná, kí n bá a fa okùn.

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó fi ṣóńṣó irin náà kan àjà ẹnu ara rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó jù ú sílẹ̀. Okùn ọrùn lásán ni wọ́n fi fa ẹṣin lọ, àwọ̀n mi wà lójú rẹ̀. Wọ́n fi ẹṣin oníhìjáábù ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé Sawaba, ṣùgbọ́n kò fò, kò sì ta ẹnikẹ́ni nípàá.

A ti rí alágbẹ̀dẹ kan ní Dichemso tó rọ irin dídán tó bá ẹnu ẹṣin wa mu. Inú mi ìbá ti rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, pé kò yẹ kí a dójú ti àgbà. Ojú ta ni kò tì? Ẹṣin ló ṣẹ̀jẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi sì sọ fún mi pé irú irin oníṣóńṣó yẹn ṣì wà lórí àtẹ yín, pé ó ń tà wàràwàrà. Bàbá, ẹ kó o kúrò. Ẹni tó bá wá rajà, ẹ bi í bí ẹnu ẹṣin rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó bi í ní àwọ̀ tó wù ú. Kí ẹ sì pe ọkọ mi, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé òótọ́ ni mo sọ.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà, ojú kò ní tì yín lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ kí tọmọdé tàgbà ilé fún mi. Inú mi kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n àdúrà yín ni mo ń retí.

Èmi ọmọ yín,
Àíṣátù