Ìyá Rẹ Ti Gbé Fóònù

Abà Àjíbódù,
Lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu,
Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà.

Tolúlàṣẹ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọ̀gá rẹ ní Èkó ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rímú mí? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí bírò tí mo fi ń kọ ìwé yìí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ní jẹ́ kí ohun rere sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ti bímọ méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, dúdú yẹn sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ti ń múra ilẹ̀ àgbàdo.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe hàà pé kí ló dé tí bàbá yìí fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè sọ lórí fóònù, torí pé fóònù gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Jókòó ná. Ìyá rẹ ti gbé fóònù.

Láti ìgbà tí a ti sin ín, ọdún kan ààbọ̀ rèé, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pe nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ̀ pé wàá ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Obìnrin kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń dáhùn, mo sì gbà pé òun ni akọ̀wé ẹnubodè wọn lọ́run. Mo máa ń kí i, mo máa ń béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn rí, ohun tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni yóò tún sọ, kò ní yí ọ̀rọ̀ kan padà. Mi ò bínú sí i. Ẹni tó ń dá gbogbo ayé lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́, ó dára tí kò tíì bú wa.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni iṣẹ́ tí mi ò lè rán ìyá rẹ létí sàréè lọ́jọ́ náà. O rí i bí gbogbo èèyàn ṣe ń rán an, àwọn kan ní kó bá wọn kí bàbá wọn, àwọn kan ní kó má gbàgbé ọmọ wọn tó ń wá iṣẹ́. Nígbà tó kàn mí, ẹnu mi wúwo. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo fẹ́ sọ. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá rẹ fi ń sọ fún mi pé òrùlé ibẹ̀ ń jò, èmi á ní ká ta kòkó ná, ká wa ẹ̀gẹ́ ná, òun á sì da ọ̀rá borí, á máa fẹ́ iná nínú èéfín. Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn tó fi kú.

Mo wá ń wádìí ibi tó wà. Wòlíì Sanmí ti ìjọ wa ní ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọrin tọ̀sán tòru, kò sí iṣẹ́, kò sí oko. Mo ro ó. Ìyá rẹ kò mọ orin í kọ, ìwọ náà mọ̀, ohùn yẹn ni wọ́n fi mú un kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ní kó máa gbá ilé Ọlọ́run. Mo bi Wòlíì bóyá Ọlálẹ́yẹ náà wà níbẹ̀, Ọlálẹ́yẹ aládùúgbò oko wa, tó ń hú pèrègún ààlà lọ́dọọdún tó ń tún un gbìn sínú ilẹ̀ tiwa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó ronú pìwà dà ní wákàtí tó kẹ́yìn, ojú òun ló ṣe. Ìyá rẹ gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú fún ọgbọ̀n ọdún, Ọlálẹ́yẹ lo wákàtí kan, wọ́n sì jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo béèrè bóyá wọ́n gbin pèrègún sáàárín wọn. Wòlíì ní kí n lọ fi ìyókù sínú àdúrà.

Lateef tó ń bá wa tún fóònù ṣe ní Olódò, tó mọ kéú dáadáa, sọ tiwọn fún mi pẹ̀lú: odò wàrà, odò oyin, àga ìrọ̀gbọ̀kú lábẹ́ igi. Ó sọ ọ́ débi pé ó wù mí. Àmọ́ wàrà máa ń run ìyá rẹ nínú, kò sì sí ọjọ́ tí mo rí i tó fẹ̀yìn ti àga. Lateef ní Ọlọ́run á ti mójú tó ìyẹn. Mo ní ó dáa.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo gun òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìnkùlé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, mo pe nọ́ńbà náà. Akọ̀wé kò sọ̀rọ̀. Ó dún, wọ́n sì gbé e. Ohùn ọmọdébìnrin ni, ó ń béèrè ta ni. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun wà, pé iṣẹ́ télọ̀ lòun ń kọ́, pé Gift lorúkọ òun. Mo ti mọ̀. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì pé, ìlú mìíràn ni yóò ti lọ di àkúdàáyà, á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì dárúkọ rẹ̀, á pòórá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ìyá rẹ. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpótí mi títí di òní, mo yẹ̀ ẹ́ wò, a jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló bá a lọ. Mo bá pa orúkọ rẹ̀ mọ́nú, mo ní bàbá arúgbó kan lásán ni mí tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, bàbá.

Mo tún pè é lọ́sẹ̀ kejì, mo béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní kò síná láti ọjọ́ mẹ́ta, pé ọ̀gá òun ń jágbe mọ́ òun, pé onílé ti fi kún owó ilé, gàrí lòun sì mu sùn. Ọkàn mi bàjẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ogójì ọdún, tó tọ́jú ìyá mi títí ìyá mi fi kú, wọ́n tún mú un bẹ̀rẹ̀ láti orí ká máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ti wo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Wòlíì, ti Lateef àti Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, bí ẹni ń wo ewúrẹ́ lọ́jà, kò sí èyí tí mo lè fà lọ sílé nínú wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yàn, ilé ìdáná wa náà ni n óò yàn, kí òrùlé wà lórí rẹ̀, kí ìyá rẹ máa bá mi jà níbẹ̀ pé mi ò tètè tòde dé.

Mo ti ń kan òrùlé náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo sọ fún un. Ó ní ta ni mo ń kàn án fún. Mo ní ìyàwó mi ni, pé ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí. Ó ní inú màmá á dùn, pé inú òjò ni ìyá tòun náà ti ń dáná nílé. Ó ní kí n bá òun kí màmá. Mo ní mo gbọ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ jókòó sídìí ààrò, mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Mo sunkún, Tolúlàṣẹ, mo sunkún dáadáa, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì dúró tó ń wò mí.

Páànù mẹ́ta ló kù, ọ̀gangan orí ààrò gan-an. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ti ìṣó, kí o sì fi ti káàdì fóònù díẹ̀ sí i, torí mo ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé n óò máa pè é. Fún dírẹ́bà tó ń bọ̀ níbí kó bá mi gbé e wá, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn bi mí lọ́jọ́ kìíní bóyá mo ṣì fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn, ibi tí mo ti ń ro ó dáadáa ló ti gbé káàdì mi mì.

Mo mọ̀ pé o kàwé, wàá sì ní àlàyé lórí nọ́ńbà yìí. Bá mi pa á mọ́ títí òjò á fi dá. Bí ìwọ náà bá pè é, má dárúkọ rẹ̀, ṣáà bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, á fún ọ ní ẹni tí yóò mọyì rẹ. Òrùlé tó bá yẹ kí o kàn fún ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o kàn án lẹ́yìn rẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹkúndayọ̀.