Ìrètíolúwa Gbé Ẹsẹ̀ Sókè, Kò Gbé E Sílẹ̀

Ilé Adédìran,
Festac Town, Èkó.

Ọlábùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Seth ọkọ rẹ, mo sì kí Ìrètíolúwa ọmọ ọmọ mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀kùn yín ṣí fún ohun tí ẹ kò pè. Kí ẹ máa jí, kí ẹ máa jẹun, kí oúnjẹ náà sì máa dúró nínú yín. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Má tíì dá mi lóhùn. Ìdáhùn tí o máa ń fún mi sí ìbéèrè yìí ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ọ.

Margaret ló ń bá mi kọ ọ́, ìyá Ernest tó ń gbé òkè wa níbí, ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti sọ fún un pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní òun gbọ́. Ernest ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Àbújá ní Ọjọ́bọ̀, òun ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ fi fóònù bá ọ sọ ọ́, nítorí nínú fóònù ohùn nìkan ni ènìyàn ń gbọ́, ohùn kò sì ṣòro láti tún ṣe.

Nílé níbí, Adédìran ẹ̀gbọ́n rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Trade Fair lójoojúmọ́ láti ta páàtì mọ́tò, bí mo bá ní kó sinmi, á ní ṣé ìsinmi ni a ó sè jẹ. Ojú mi tí wọ́n torí rẹ̀ gbé mi kúrò lábúlé ti là, mo ti ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra mi. Ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́, ilé kejì ni a ti ń pọn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì mú ajá tuntun dé, ajá náà kò mọ̀ ọ́n gbó, mo sì sọ fún un pé ajá tí kò lè gbó, ẹran ọ̀sìn ni. Ó bínú sí mi. Ìròyìn ilé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ fídíò ọmọ yìí ni mo bá dé. Nígbà tí Adédìran ra fóònù tuntun fún mi, èyí tó fẹ̀ bí ìwé orin, inú mi dùn pé n ó máa rí ojú yín. Seth wá fi fídíò Ìrètíolúwa ránṣẹ́, ó ní ọmọ ti ń rìn. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọmọ náà dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kò gbé e sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ibì kan. Nígbà tó yá ara rẹ̀ já lójijì, ó tún gan. Ó fẹ́ pè mí, ó ń ní Má, Má, Má, kò lè parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró pátápátá. Mo sún fóònù mọ́ ojú, mi ò rí i kó mí.

Ọlábùnmí, mo mọ gìrì. Wọn kò ròyìn rẹ̀ fún mi, mo rí i. Adédìran yìí ní in kó tó lè pe orúkọ ara rẹ̀, wọn kò tíì bí ọ nígbà náà, bó sì ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn: ojú sí ibì kan, ara á já, ara á gan. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ká ọwọ́ lérí.

Nígbà tí mo pè ọ́, mo bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọmọ. O ní kò sí nǹkan kan, Màámi, fóònù yín ló ń kólòlò. O ní ọmọ ń jẹun, ó ń sùn dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí. Nígbà tí bàbá rẹ wà lọ́sibítù, Adédìran wá bá mi nílé, ó jókòó, ó ní ara Bàbá ti ń balẹ̀, wọ́n jẹun díẹ̀, wọ́n ń sùn. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ti gbé bàbá rẹ sí mọ́ṣúárì láti òwúrọ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o bu ẹ̀bà fún mi, o ní kí n kọ́kọ́ jẹun ná. Mi ò bínú sí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ìyá tèmi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe é rí, tí wọ́n sì ti ṣe é fún rí, ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pé kò sí nǹkan kan tàn án jẹ?

Mo sọ ọ́ fún Adédìran nígbà tó ti Trade Fair dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo fídíò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù yìí, òun á fi hàn mí. Ó ṣí ti oníwàásù kan. Oníwàásù gbé Bíbélì sókè, ó gan. Ara rẹ̀ já, ó ń ní Ha, Ha, Halelúyà kò jáde. Mo bi Adédìran pé ìlú wo ni ọkùnrin yìí ń gbé. Ó ní Àbújá. Mo ní o ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ó ní Màámi, kì í ṣe nǹkan tó ń ràn. Ó tún ṣí ti obìnrin kan tó ń din dòdò ní Pọ́táàkọ, obìnrin náà na ṣíbí sí dòdò, kò lè yí i padà, dòdò sì wà lórí iná. Mo ní ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn náà nìyẹn. Adédìran dìde, ó lọ jẹun.

Kó tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní bí fóònù bá ti ń gbóná kí n gbé e sílẹ̀ kó tutù, pé ooru wà lára ohun tó ń dá fídíò dúró. Ara gbígbóná. Ta ni kò mọ̀ pé ara gbígbóná ni gìrì fi ń bẹ̀rẹ̀? Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tí mo wo ọmọ tán, ó gbóná bí iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo bọ́ rọ́bà tí wọ́n wọ̀ fún un, mo rẹ táwẹ̀lì sínú omi tútù, mo fún un, mo sì ń fi nu gbogbo ara rẹ̀ bí mo ṣe nu ti Adédìran nígbà gìrì rẹ̀. Mi ò rì í sínú omi, kí ó yé ọ. Margaret ló wọlé bá mi, ó ní Màmá, kí lẹ ń ṣe yìí, mo ní mò ń gba ooru lára rẹ̀. Ó já a gbà, ó lọ rì í mọ́ inú ìrẹsì, ó ní ìrẹsì á fa omi rẹ̀. Ìrẹsì tí a fẹ́ sè lọ́jọ́ náà ni o. Margaret ní kí n má fi ìyẹn sí lẹ́tà. Mo ní kó kọ ọ́.

Fóònù kò kú, ṣùgbọ́n Ìrètíolúwa kò yéé gan nínú rẹ̀. Margaret wá mú mi lọ sí Apple Junction lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, Débọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó lẹ èékánná gígùn mọ́ ọwọ́, mo sì ń rò ó pé báwo ló ṣe ń di nǹkan mú. Ó pa fóònù, ó tún un tàn, ó ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Ó ní Grandma, nẹ́tíwọ̀kì kọ́, fóònù yín ló yó dé ọ̀fun, kò ráyè mí. Mo ní kí ló jẹ. Ó fi hàn mí. Àdúrà ni. Gbogbo àdúrà tí àwọn ìyá ìjọ ń fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù ni, ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti oṣù tuntun, èyí tó ní òdòdó àti èyí tó ní àbẹ́là. Ó ní ká pa wọ́n rẹ́, fídíò ọmọ á máa lọ geere.

Mo gba fóònù mi. Àdúrà tí wọ́n gbà sórí àwọn ọmọ mi ni, ọmọ kan sì wà láàrin wọn tí ara rẹ̀ ń gan, àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan fẹ́ kí n máa pa àdúrà rẹ́. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní Grandma, kò sẹ́ni tó rán mi o, kúáyà ni mo wà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi, ṣé kò lè kọrin ni? Margaret bẹ̀ ẹ́, a lọ sílé.

Mi ò lè purọ́ fún ọ, lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ẹ̀rù wá bà mí jù. Mò ń wo ọmọ náà, ibì kan náà ló ń dúró sí. Bí fóònù bá dún, mo máa ń jẹ́ kó dún tán, kí n má baà gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bí Adédìran bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní pálọ̀, mo máa ń rò pé wọ́n ń yan ẹni tí yóò wá sọ fún mi. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ dúdú mi sí apá ọ̀tọ̀.

Margaret ló là á. Ó ní Màmá, àdúrà tí ẹ ti ṣe àmín sí ti lọ síbi tó ń lọ. Èyí tó kù sínú fóònù, àwo rẹ̀ ni. Ó ní bí ẹ bá jẹun tán, ṣé ẹ máa ń gbé àwo mì ni? Mo rò ó títí. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò rántí èyí tí mo ṣe àmín sí àti èyí tí mi ò ṣe sí. A bá jókòó, a ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń ṣe àmín, Margaret ń pa wọ́n rẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí àwọn àdúrà náà ń kólòlò. Ọ̀kan dé ibi Kí ikú, ó dúró. Margaret ní kí n ṣe àmín ká máa lọ. Mo ní láéláé. Mo di ẹnu mi mú títí fóònù fi parí rẹ̀, pé jìnnà sí ilé rẹ. Ìgbà náà ni mo tó ṣe é. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí ilẹ̀ fi mọ́ nínú fóònù náà.

Mo wá tẹ ti ọmọ. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé èkejì. Ó pe Màmá, ó pè é tán. Ó rìn geere títí dé ìdí àga, ó sì fi ìdí jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà le bí òkúta. Margaret pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Fídíò náà kò parí síbẹ̀, Ọlábùnmí. Mi ò tíì dé ìparí rẹ̀ rí, ibi ẹsẹ̀ ló ń dúró sí. Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ fún ọmọ lómi. Ọwọ́ rẹ ni. Mo mọ àpá ibi tí agbada gàrí ti jó ọ. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ yọ síta. O fi òwú wé òrùka ìgbéyàwó rẹ kó má baà yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ife náà ń gbọ̀n, omi ń dà sílẹ̀ kó tó dé ẹnu ọmọ. Mo sì gbọ́ ohùn rẹ tó ń sọ fún Seth pé kó dá fídíò dúró, kó má jẹ́ kí Màámi rí òun.

Ara fóònù ti dá báyìí, ohunkóhun kò já mọ́ lórí rẹ̀. Mo tún un wò, Margaret bá mi wò ó. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló ń lọ geere, ọwọ́ rẹ nìkan ló ń gbọ̀n.

Seth kò gé ibẹ̀ kúrò. Bóyá kò mọ̀ ọ́n gé, bóyá ó fẹ́ kí n rí i. Má bá a jà.

Mi ò bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́, wàá ní kò sí nǹkan kan. Mò ń bọ̀ wá fi ojú mi rí i. Fún Ernest ní owó ọkọ̀ mi nígbà tó bá ń padà, má fi rán Adédìran, á ní ọ̀nà jìn, kí n sinmi ojú mi. Bí owó kò bá sí, má yá a. Débọ́lá ti ní òun á ra fóònù yìí bí mo bá fẹ́ tà á, owó rẹ̀ á tó ọkọ̀, fóònù náà sì ti ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó ṣe. Ẹ má wá bẹ́ẹ̀dì fún mi, ilẹ̀ ni mo máa ń sùn. N ó máa pọn ọmọ, n ó máa po ọ̀gì, ìwọ á máa sọ òtítọ́ fún dókítà.

Kí Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi má gba ọ níṣojú mi. Kí òrùka náà tún fún ọ lọ́wọ́. Ìwọ ni yóò sin mí, Ọlábùnmí, bí wọ́n ṣe to tiwa nìyẹn, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.