Oúnjẹ Tí Mo Fún Alága

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ògúnkúnlé,
Ọ̀nà Addo, Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
17 Oṣù Kẹjọ, 2014.

Oyinkọ́lá mi, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ìtọ́jú Bàbá, mo sì kí ọ kú wàhálà ilé ìwòsàn. Ṣé ara rẹ le? Àníọlá ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé kò tíì da ilé ẹ̀gbọ́n rẹ rú ní Ìbàdàn? Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Bàbá fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń dìde jókòó láìsí pé ẹnì kan dì wọ́n mú? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Títì wa ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo lò láti Addo dé Igbó Ẹfọ̀n nígbà tí mo lọ gbá ilé yín lánàá.

Mo mọ̀ pé ìkíni yìí ti gùn jù. O mọ̀ mí, bí mo bá ti ń kí èèyàn tó báyìí, mo ti ṣe nǹkan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ tí mo tún pa fóònù kó tó dún. Ojú ń tì mí, Oyin. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Alága kú ní Ọjọ́bọ̀. Akọ̀wé nìkan ló kù nínú ẹja góòlù méjèèjì tí Bàbá ti ń sìn nínú gíláàsì láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo sì mọ̀ pé Alága ni wọ́n máa ń kí láàárọ̀ kí wọ́n tó kí èèyàn. Kì í ṣe àìsàn ló dédé pa á o, èmi ni.

Ṣé o rántí ìwé tí o kọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá gbé gíláàsì náà lọ sílé mi? O ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kí n máa fún wọn lóúnjẹ, kí oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan má tóbi ju ẹyinjú rẹ̀ lọ, kí n sì jẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀ ní Sátidé. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń sin àrọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n tún ń fi ìwé kọ́ mi ní ẹja! Abẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín ni mo ki ìwé náà sí. Fíìdì, oúnjẹ àrọ̀ mi, ni mo ń fún wọn, èyí tó kún fún ọ̀rá, tí a máa ń fi mú àrọ̀ sanra kó lè tẹ òṣùwọ̀n dáadáa lọ́jà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, mo tún ń fi búrẹ́dì àti pupa ẹyin sí i. Bí mo bá ti sún mọ́ gíláàsì, Alága á ti la ẹnu sílẹ̀, mo sì rò pé ebi ọjọ́ pípẹ́ ni. Nígbà tí ikùn rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀, mo yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. O ní Bàbá rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n rí i. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Èyí tó burú ni pé ẹnu mi ò dákẹ́. Níbi ìpàdé àwa tí a ń sin ẹja ní Addo, mo ní ò ń fi ebi pa ẹja, o sì ń fi ebi pa bàbá rẹ. Mùínàt, ọ̀kan nínú wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó dé etí rẹ láti ibòmíràn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alága kàn dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, kò wá síbi oúnjẹ mọ́. Ó ti kú kí Dókítà Ọ̀ṣuntọ́lá tó ń tọ́jú ẹja wa tó dé. Wọ́n là á níṣojú mi. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò pupa rárá, ó funfun bíi bọ́tà, ọ̀rá sì lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Wọ́n bi mí ohun tí mo ń fún un jẹ, èmi náà sì fi ìgboyà kà á sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀, wọ́n ní: “Àǹtí Fúnláyọ̀, àrọ̀ tí ẹ ń bọ́, oṣù mẹ́fà ló ní láyé, ẹ ti tà á kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. But this one, wọ́n fẹ́ kó pẹ́ láyé ni now.” Wọ́n ní ẹja góòlù kò ní àpòlúkù, kì í mọ ìgbà tó yó, ẹnikẹ́ni tó bá máa ń fún un lóúnjẹ ló máa ń la ẹnu sí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìwé abẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Akọ̀wé ti ń gbààwẹ̀ báyìí gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Bí mo bá ń kọjá, ó máa ń la ẹnu sí mi, mo sì máa ń gbójú kúrò.

Oyin, kò tán síbẹ̀. O sọ fún mi lọ́jọ́sí pé dókítà Bàbá ń bèèrè bí ọ̀rá ṣe bo ẹ̀dọ̀ wọn tó báyìí, nígbà tí o ti búra pé ò ń wọn oúnjẹ wọn, kò sí òróró, kò sí ẹran ọlọ́ràá. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbà ọ́ gbọ́. Èmi ni, Oyin. Láti oṣù kìíní ọdún yìí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ìwọ àti Àníọlá bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbé àrọ̀ díndín, dòdò àti ṣàkì wá fún Bàbá. Wọ́n á ti máa wo ẹnu ọ̀nà. “Fúnláyọ̀, kí lo gbé wá?” Mo máa ń kó egungun rẹ̀ sínú báàgì mi lọ kí o má baà rí i. Mo rò pé ìfẹ́ ni, mo tún rò pé mo gbọ́n jù ọ́ lọ.

Jọ̀wọ́, fi lẹ́tà yìí han dókítà lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó lè mọ ohun tó ń wò. Fi han ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú, má sì fi orúkọ mi pamọ́. Bí o kò bá fẹ́ dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní bínú. Ti Alága, jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ fún Bàbá nígbà tí ara wọn bá gbà á.

Bá mi kí Àníọlá, bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ. Bá mi kí Bàbá dáadáa. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ni Fúnláyọ̀ gbé wá, sọ fún wọn pé ìkíni nìkan ni.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń tọrọ àforíjì,
Fúnláyọ̀.