Iná Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kò ní rẹ̀ ọ́ níbi tí o ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Gbogbo wa wà láàyè, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ méjì, telọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa sì ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Láti ọjọ́ tí dókítà ti ki wáyà tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì fi bátìrì kékeré sábẹ́ awọ ní ìbàdí rẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Wọ́n ní iná díẹ̀ ni yóò máa dí ìrora lọ́nà kó tó dé ọpọlọ. Iná kẹ̀? Nínú ènìyàn? Lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná àdúgbò lọ, mo sáré wọ yàrá lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Telọ tún wá bi mí bóyá òun lè fi fóònù òun sí i lára kó gba iná fún wákàtí kan péré, mo ní ọkọ mi kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà jẹ́. Ìwọ náà mọ ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì líle yẹn fi ojú bàbá rẹ rí fún ọdún mẹ́rin, bó bá ti gbé e mì, oorun ni, bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Dókítà ní kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, pé a ò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin lóòjọ́ di mẹ́ta, mẹ́ta di méjì. Bàbá rẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàríwísí ọbẹ̀ mi, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Àfi bí ìrora ṣe padà dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ń payín keke, òógùn bò ó, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi tábúlẹ́ẹ̀tì méjì kún un. Mo sunkún. Mo ti ń ṣí ìgò nígbà tí nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọlé. Ó wo rìmóòtù tí wọ́n fún wa láti máa fi tan iná ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ta ló pa iná náà. Ọmọ mi, èmi ni. Bí bàbá rẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́, mo máa ń pa á bí a ṣe ń pa rédíò, kí bátìrì má bàa tán kí o tó wálé, torí mo fẹ́ kí o bá a lórí ìdúró. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní bẹ́líìtì tí òun máa ń so mọ́ bàbá rẹ ní ìbàdí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ló ń gba iná sí bátìrì láti òde awọ. Èmi rò pé ó fi ń wọn ìbàdí bàbá rẹ bóyá ó ti ń sanra ni.

Mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ. Ó ní òun ti ń rí mi bí mo ṣe ń pa iná náà láti ọjọ́ kìíní, òun rò pé ìtọ́jú òun ti sú mi ni, pé mo fẹ́ kí òun padà sídìí oorun kí n lè sinmi, òun ò sì lè dá mi lẹ́bi. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wá a nínú ilé ara wa.

Rìmóòtù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, tábúlẹ́ẹ̀tì sì ti ku ẹyọ kan lóòjọ́. Jọ̀ọ́, bí o bá rí owó díẹ̀, fi owó bàtà bàbá rẹ ránṣẹ́. Eku ti jẹ èyí tó ní, a ò tiẹ̀ mọ̀, torí kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Sálúbàtà mi ló wọ̀ dé etí títì láàárọ̀ yìí. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀, ire rẹ kò ní kọjá rẹ. Tètè fi ránṣẹ́ o, bàbá rẹ ní lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, òun fẹ́ wá dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.